Ẹ̀gbọ́n ẹ ní báńkì, ìwọ ní ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́: ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí rèé

Ìbéèrè tó wọlé rèé, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Prof. Ọmọ ọdún 27 ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí másítà nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé. Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ló wà lọ́kàn mi, owó oṣù, àìríṣẹ́ṣe, owó ìfẹ̀yìntì, ìrànwọ́ tí ìjọba ń ṣe fún tálákà. Mo fẹ́ ṣe PhD kí n sì di pirọ́fẹ́sọ̀ bíi tiyín. Àmọ́ ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ mi ní ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kì í ṣe ojúlówó ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, pé àwọn tí ìṣirò ò yé ló ń sá lọ síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi náà ní kí n jẹ́ kí òun bá mi wáṣẹ́ sí báńkì, pé ìjọba kankan ò gbọ́ ti pirọ́fẹ́sọ̀ rí. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ọjọ́ orí mi ò ti pọ̀ jù, ṣé ìjọba máa ń gbọ́ tiyín lóòótọ́, àti pé ká ní ẹ tún ayé yín bẹ̀rẹ̀, ṣé iṣẹ́ yìí náà lẹ máa yàn?"

Àbúrò mi, mo ka lẹ́tà ẹ tán mo tún padà lọ kà á, torí ìbéèrè mẹ́ta lo kọ síbẹ̀ àmọ́ ó dà bíi pé ìkẹrin wà nísàlẹ̀ tí o ò kọ. Ẹ̀rù ń bà ẹ́ pé o lè fi ogún ọdún ka ìyà àwọn ẹlòmíì bí ẹni ń ka owó, kí o kó o sínú pépà tí èèyàn mẹ́wàá péré máa kà, kí ayé sì wà bó ṣe wà. Kò burú, ẹ̀rù yẹn ò tíì kúrò lára èmi náà, bí mo ṣe pẹ́ nídìí ẹ̀ tó yìí. Jẹ́ n mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò ní tẹ̀lé bí o ṣe tò ó o, torí ọ̀rọ̀ olùkọ́ ẹ yẹn ló kọ́kọ́ ta mí.

Ọ̀rọ̀ pé àwọn tí ìṣirò ò yé ló ń sá wá sọ́dọ̀ wa, àwọn ọ̀gá tèmi náà sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo wà nírú ipò tí o wà yìí, mi ò sì ní purọ́ fún ẹ, ó ní ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Láyé ọjọ́un, ẹni tó bá ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní yunifásítì, ìtàn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló ń sọ, òfin iṣẹ́, ìyanṣẹ́lódì, bí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ṣe ń dúnàádúrà, kò sí ìṣirò tó ta kókó púpọ̀ níbẹ̀. Àwọn èèyàn bíi Jacob Mincer àti Gary Becker ló yí i padà láti nǹkan bí 1957 sókè, wọ́n ní ẹni tó lọ iléèwé, owó ló ń gbìn sínú ara ẹ̀, èrè ẹ̀ ló sì ń ká nígbà tó bá ń gba owó oṣù, èèyàn sì lè ṣírò èrè yẹn bí ìgbà tí oníṣòwò ń ṣírò èrè ọjà. Láti ìgbà yẹn, wo àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé: Becker ní 1992, James Heckman ní 2000, Peter Diamond, Dale Mortensen àti Christopher Pissarides ní 2010 lórí ìdí tí àwọn tó ń wáṣẹ́ àti àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ fi lè wà láàárín ìlú kan náà kí wọ́n má rí ara wọn, David Card, Joshua Angrist àti Guido Imbens ní 2021, Claudia Goldin ní 2023 lórí iṣẹ́ àti owó àwọn obìnrin. Ṣé gbogbo wọn ló sá fún ìṣirò? Àbí olùkọ́ ẹ ò tíì ka ìwé tuntun láti ọdún gbọọrọ. Mo bẹ ẹ́, má lọ sọ fún un pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ohun tó le nínú iṣẹ́ wa, kì í ṣe ìṣirò ló le. Ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ tí kò ṣẹlẹ̀, òun ló le. Wò ó, ìjọba dá ètò ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tí ò níṣẹ́, ẹgbẹ̀rún èèyàn wọlé, lẹ́yìn ọdún kan owó tó ń wọlé fún wọn ti gòkè, mínísítà ti gbé e lọ sórí tẹlifíṣọ̀n pé ètò òun so èso. Ṣé ó so èso? Ìwọ àti èmi ò mọ̀, torí a ò rí ibi tí àwọn èèyàn kan náà yẹn ì bá wà ká ní wọn ò wọlé rárá. Ẹnì kan ò lè pín ara ẹ̀ sí méjì kí ọ̀kan lọ kọ́ṣẹ́ kí ìkejì jókòó sílé ká lè fi wọ́n wéra. Orley Ashenfelter kọ pépà kan ní 1978 tó là wá lójú sí èyí gan-an, ó wo àwọn tó wọ ètò ìkọ́ṣẹ́ ìjọba ní Amẹ́ríkà, ó wá rí i pé owó tó ń wọlé fún wọn já wálẹ̀ ní kété kí wọ́n tó wọlé. Tí o bá rò ó, ta ni á lọ kọ́ iṣẹ́ tuntun nígbà tí tọwọ́ ẹ̀ ń lọ dáadáa? Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lẹ́nu iṣẹ́ ni, ẹni tí iléeṣẹ́ ẹ̀ kógbá sílé ni. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, bó kọ́ṣẹ́ bí ò kọ́ṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ṣì gbérí nígbà tó bá yá, torí inú kòtò ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n ń forúkọ sílẹ̀, èèyàn kì í sì í fẹ́ẹ́ gbé inú kòtò. Ìwọ wá fi owó tó ń gbà nínú kòtò wé owó tó ń gbà lẹ́yìn tó jáde, o ní ìkọ́ṣẹ́ ló fà á yọ. Orúkọ Ashenfelter la fi ń pe kòtò yẹn títí dòní.

Ohun tó jẹ́ kí n mọ kòtò yẹn dunjú ni pé èmi náà já sí i. Nígbà tí mo ń ṣe PhD, mo kọ orí kan gbáko lórí ètò ìkọ́ṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́, ó gbà mí tó ọdún méjì, èsì tó jáde dùn létí, owó àwọn ọmọ yẹn gòkè gan-an, mo ti ń rò ó pé àwọn oníròyìn á wá bá mi. Ọjọ́ tí mo lọ kà á níwájú àwọn èèyàn, ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó sẹ́yìn na ọwọ́, ó ní "èló ni wọ́n ń gbà lọ́dún tó ṣáájú ọdún tí wọ́n wọlé?" Mi ò ní in lọ́wọ́. Ọdún kan péré ni mo gbà nínú dátà náà, ọdún tí wọ́n ń wọlé yẹn. Mo lọ wá ìyókù, oṣù mẹ́jọ ni mo fi bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó fún mi, ìgbà tí mo fi kún un, gbogbo èrè tí mo rí yẹn yọ́ bí omi dídì, díẹ̀ ló kù, ìyẹn gan-an ò sì dá mi lójú. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ìyá yẹn ló wá di sùpáfáísọ̀ mi kejì, òun ló sì kọ́ mi ní iṣẹ́. Ìṣirò tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìwọ tí o parí másítà á mọ̀ ọ́n, ìyọkúrò lásán ni, àmọ́ láti mọ ohun tó yẹ kí o yọ kúrò lára kí ni, ibẹ̀ ni pirọ́fẹ́sọ̀ ti ń jẹ owó ẹ̀.

Kì í sì í ṣe èmi nìkan. Robert LaLonde ṣe nǹkan kan ní 1986 tó dójú ti ọ̀pọ̀ àgbà. Ètò kan wà ní Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé wọ́n fi bí ẹni ṣẹ́ ìbò yan àwọn tó wọlé àti àwọn tí ò wọlé, nítorí náà èsì tó ṣeé gbára lé wà nílẹ̀. Ó wá ṣe bíi pé òun ò mọ̀ ọ́n, ó kó àwọn tí wọn ò yàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó lọ mú àwọn aráàlú mìíràn láti inú ìwádìí ìjọba rọ́pò wọn, ó fi àwọn ọ̀nà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń lò nígbà náà ṣírò. Èsì tó jáde jìnnà sí òótọ́, òmíràn tiẹ̀ lọ sódìkejì. Ìgbà tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ni àwọn bíi Card, Angrist àti Alan Krueger wá gbájú mọ́ ibi tí ayé fúnra ẹ̀ bá ti ṣẹ́ ìbò fún wọn. Angrist lo ìbò tí wọ́n fi mú ọmọkùnrin lọ sógun Vietnam láti mọ ohun tí iṣẹ́ ológun ṣe sí owó tí èèyàn ń gbà nígbà tó bá dé. Card àti Krueger ní tiwọn lo ààlà ìpínlẹ̀: ní oṣù April 1992, New Jersey gbé owó wákàtí kan tó kéré jù lọ láti dọ́là 4.25 sí 5.05, Pennsylvania tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ò ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n bá pe ilé oúnjẹ 410 lórí fóònù ní ìhà méjèèjì, irú Burger King àti KFC wọ̀nyẹn, ṣáájú àti lẹ́yìn. Gbogbo ìwé tí a kà sọ pé tí owó bá gòkè wọ́n á lé òṣìṣẹ́. Wọn ò rí i pé wọ́n lé wọn.

Èyí ló mú mi dé ọ̀rọ̀ tí mo rò pé ìwọ gan-an ṣì gbọ́, o kọ ọ́ sínú lẹ́tà ẹ níbì kan pé o fẹ́ "gbèjà òṣìṣẹ́". Ó dáa, èmi náà wọlé pẹ̀lú irú ọkàn yẹn. Àmọ́ tí o bá fẹ́ gbèjà, lọ kọ́ òfin, tàbí kí o lọ bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣiṣẹ́, iṣẹ́ iyì ni méjèèjì. Pirọ́fẹ́sọ̀ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kì í ṣe lọ́yà òṣìṣẹ́. Pépà 1994 tí Card àti Krueger fi gbé èsì wọn jáde yẹn, àwọn kan nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé fi ojú ọ̀dàlẹ̀ wò wọ́n, David Neumark àti William Wascher wá pẹ̀lú dátà ìwé owó oṣù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ilé oúnjẹ, wọ́n ní irọ́ ni, iṣẹ́ dínkù, Card àti Krueger tún padà wá pẹ̀lú dátà ìjọba, wọ́n fà á títí di 2000, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀. Card fúnra ẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé òun fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ara ìdí ẹ̀ sì ni pé ó gba ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ òun. Krueger kú ní 2019, wọ́n gbé ẹ̀bùn Nobel jáde ní 2021, wọn kì í sì í fún ẹni tó bá ti kú. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé èsì tìẹ náà á ṣe òṣìṣẹ́ ní ìpalára tàbí kó dà bẹ́ẹ̀. Wo ọ̀rọ̀ àwọn ará Cuba tó wọ Miami ní 1980, èèyàn bíi 125,000 láàárín oṣù díẹ̀, Card ní owó àwọn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò já, George Borjas tóun náà jẹ́ ọmọ Cuba tó wá sí Amẹ́ríkà ní ó já fún àwọn tí ò parí iléèwé girama, ìjiyàn náà dá lórí àwọn èèyàn wo ni kí a kà àti àwọn wo ni kí a fò. Tí o bá ti mọ èsì tí o fẹ́ kí o tó ṣí kọ̀ǹpútà, wàá rí i, kò ní pamọ́ fún ẹ, àmọ́ kò ní jẹ́ ìwádìí mọ́. Mo mọ àwọn tó kúnjú ìwọ̀n dáadáa tí iṣẹ́ yìí bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ nítorí èyí, tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ ti mọ ohun tí wọ́n máa sọ kí wọ́n tó la ẹnu.

Ọ̀nà ẹ̀ ńkọ́? Ó gùn, ẹni tó bá ní kò gùn ń tàn ẹ́ ni. PhD á gba ọdún 5 sí 6 níbi tí wọ́n ti ń ṣe é bíi ti Amẹ́ríkà, 3 sí 4 ní àwọn ibi tó jẹ́ pé lẹ́yìn másítà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ máa nira ju gbogbo ìyókù lọ, ìṣirò tí olùkọ́ ẹ ń fi yangàn yẹn wà níbẹ̀, ó pọ̀, wàá sì gbàgbé ìdajì ẹ̀. Lẹ́yìn náà wàá gbé pépà kan ṣoṣo kiri bí ọlọ́jà, ìyẹn èyí tí wọ́n máa fi gbà ẹ́ síṣẹ́, wàá kọ ìwé sí ibi bí ọgọ́rùn-ún, mélòó kan á pè ẹ́ láti bá ẹ sọ̀rọ̀, díẹ̀ nínú wọn á ní kí o wá fi odindi ọjọ́ kan jókòó sáàárín wọn. Tí wọ́n bá gbà ẹ́ sí ibi tó ní tenure, ìyẹn ipò tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti fún ẹ wọn ò lè kàn lé ẹ, ọdún bíi 6 tàbí 7 lo ní láti fi pépà hàn kí wọ́n tó sọ bóyá kí o dúró tàbí kí o máa lọ. Àwọn jọ́nà márùn-ún tó gbayì jù, ìyẹn àwọn ìwé tí wọ́n ti ń tẹ pépà ìwádìí jáde, tí gbogbo wa ń lé, nínú pépà 100 tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí wọn, wọn kì í gbà tó 10. Láti ìgbà tí o bá kọ́kọ́ kọ ọ́ tán títí tó fi máa jáde, ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ò ju ara lọ. Àwọn jọ́nà tiwa gan-an wà, Journal of Labor Economics láti 1983, Journal of Human Resources tó ti wà láti àárín ọdún 1960 sí 1970, ilé tiwa nìyẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa kà ẹ́, àmọ́ ìgbìmọ̀ tó ń gbé èèyàn ga ní ọ̀pọ̀ ibi, ojú jọ́nà márùn-ún yẹn ni wọ́n fi ń wọn ẹni, ohun tó ń bí mi nínú jù lọ nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn, mi ò sì lè yí i padà. Ojoojúmọ́ ńkọ́, kíkọ́ni ni, kíka pépà àwọn ẹlòmíì kí o sọ ibi tó ti wọ́ láìgba kọ́bọ̀, kíkọ ìwé ìdámọ̀ràn, wíwá owó ìwádìí, títún ìlà kan ṣe nínú kóòdù tí o rò pé o ti ṣe tán lọ́dún tó kọjá. Wákàtí tí o máa fi ronú lórí òṣìṣẹ́ gan-an, tó bá tó méjì lójúmọ́, dúpẹ́.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn kì í bi mí, ọ̀rọ̀ dátà. Ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi Denmark, Sweden àti Norway, ìjọba ní àkọsílẹ̀ gbogbo èèyàn, owó oṣù, ìwé ẹ̀rí, ìrànwọ́ tó gbà, ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ ẹ̀, olùṣèwádìí sì lè gba àṣẹ láti lò ó láìrí orúkọ ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí pépà tó dá lórí àwọn orílẹ̀-èdè kéékèèké yẹn fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ṣe pàtàkì ju ti ibòmíì lọ. Ẹni tí ò bá ní irú ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ló máa lò, bíi Goldin tó lọ ń tú ìwé àtijọ́ ní ilé àkójọ ìwé títí tó fi rí ohun tó tó igba ọdún kó jọ lórí iṣẹ́ obìnrin, iṣẹ́ tí àwọn ìwé ìkànìyàn àtijọ́ ti fò, torí wọ́n kọ "ìyàwó" síbẹ̀ tán, wọn ò kọ ohun tó ń ṣe lóko àti nídìí òwò mọ́. Kí o tó yan yunifásítì, béèrè dátà tí sùpáfáísọ̀ ẹ lè fà ọ́ dé ìdí ẹ̀. Ó ṣe pàtàkì ju orúkọ yunifásítì lọ, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ á bá mi jiyàn lórí èyí.

Ó yá, ìjọba. Ẹ̀gbọ́n ẹ ní wọn ò gbọ́ ti pirọ́fẹ́sọ̀ rí. Kò rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọn kì í gbọ́ nígbà tí a bá ń pariwo. Brigitte Madrian àti Dennis Shea kọ pépà kan ní 2001 lórí iléeṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, tẹ́lẹ̀ tí òṣìṣẹ́ tuntun bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí fi owó ìfẹ̀yìntì pamọ́ ó gbọ́dọ̀ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù, iléeṣẹ́ náà yí i padà, wọ́n ní gbogbo ẹni tó bá wọlé ti wà nínú ẹ̀ àyàfi tó bá buwọ́ lù ú pé òun ò ṣe. Nínú àwọn tuntun, àwọn tó ń fi pamọ́ lọ láti 49 nínú 100 sí 86. Owó ò pọ̀ sí i, òfin ò yí padà, fọ́ọ̀mù lásán ni wọ́n yí. Nígbà tó di 2006, òfin owó ìfẹ̀yìntì tuntun ní Amẹ́ríkà ti ń ti àwọn iléeṣẹ́ síhà bẹ́ẹ̀, nígbà tó di 2012 ìjọba Britain bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́ di dandan fún àwọn iléeṣẹ́ tiwọn. Pépà kan. Ní Mexico, Santiago Levy tó ti jẹ́ pirọ́fẹ́sọ̀ kó tó wọ ìjọba wà nídìí ètò Progresa tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997, owó fún àwọn ìyá tí ọmọ wọn bá ń lọ síléèwé tí wọ́n sì ń gbé wọn lọ fún àyẹ̀wò ìlera, ohun tó sì jẹ́ kó tàn kárí ayé ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti fi bí ẹni ṣẹ́ ìbò pín abúlé 506 sọ́tọ̀, 320 kọ́kọ́ gbà á, 186 dúró dè é, tí ẹnikẹ́ni ò fi lè sọ pé ojú rere ló ń sọ̀rọ̀. William Beveridge ní tiẹ̀, 1909 ló ti tẹ ìwé jáde lórí àìríṣẹ́ṣe, 1942 ni àbọ̀ tí gbogbo Britain fi tún ètò ìrànwọ́ aráàlú tò jáde. Ọdún 33, ó sì ti fi méjìdínlógún nínú ẹ̀ ṣe ọ̀gá London School of Economics.

Òdìkejì ẹ̀ náà wà. Arthur Lewis, ẹni tó ṣàlàyé bí òṣìṣẹ́ ṣe ń kúrò lóko lọ síléeṣẹ́, tó sì gba Nobel ní 1979, lọ jẹ́ olùdámọ̀ràn fún Nkrumah ní Ghana ní 1957, kò ju bí ọdún kan àti díẹ̀ lọ tó fi kẹ́rù ẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn ò wọ̀ lórí àwọn iṣẹ́ ńláńlá tí ìjọba fẹ́ náwó lé. Peter Diamond, wọ́n fa orúkọ ẹ̀ kalẹ̀ fún ìgbìmọ̀ báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní 2010, ọdún yẹn kan náà ló gba Nobel lórí àìríṣẹ́ṣe, sẹ́nẹ́tọ̀ kan ṣì ń sọ pé kò kúnjú ìwọ̀n, nígbà tó di 2011 ó ní kí wọ́n yọ orúkọ òun. Èmi ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ owó ìfẹ̀yìntì kan rí, mi ò ní sọ ibi tó wà, ọdún méjì, a kọ àbọ̀ tó nípọn, mo mọ gbólóhùn inú ẹ̀ lórí. Wọn ò gbé e jáde. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ọ̀dọ́mọdé kan pè mí láti iléeṣẹ́ ìjọba, kò mọ̀ pé èmi ni mo kọ ọ́, ó ní òun rí tábìlì kan nínú fáìlì àtijọ́, ṣé mo lè bá òun ṣàlàyé ẹ̀, wọ́n ń kọ òfin tuntun, wọ́n sì nílò ẹ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì. Tábìlì kẹ́jọ nínú àbọ̀ yẹn ni, èyí tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ kúrò torí ojú ìwé ti pọ̀ jù. Ó wọ inú òfin. Ìyókù wà níbi tó wà. Bí wọ́n ṣe ń gbọ́ nìyẹn, wọ́n á níṣòro lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á wá ẹni tó ti dáhùn ẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tí kò bá sí, wọ́n á lo ohun tó bá sún mọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, gbàgbé ẹ̀. Ọdún 27 ò pọ̀, ọ̀pọ̀ ló ń fi ọdún méjì bá olùṣèwádìí ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ PhD báyìí, ẹni tó sì ti gba owó oṣù rí máa ń béèrè ìbéèrè tó dáa lórí owó oṣù. Ti báńkì, mi ò ní bú ẹ̀gbọ́n ẹ. Owó ibẹ̀ dáa ju tiwa lọ, ó sì tètè ń dé. Láàárín méjèèjì, àwọn ibì kan wà tí ìwọ ò dárúkọ, iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba, àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé ILO tó wà ní Geneva láti ọdún 1920, OECD, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ wọn lówó, ní Paris, ẹ̀ka ìwádìí ní báńkì àpapọ̀, àwọn ibẹ̀ yẹn ń lo ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lójoojúmọ́, wọ́n sì ń gba ẹni tó ní másítà. Tó bá jẹ́ pé ohun tí o fẹ́ ni kí iṣẹ́ ẹ kan òfin láàárín ọdún méjì, ibẹ̀ lo ti máa rí i, kì í ṣe ọ̀dọ̀ tèmi. Tó bá jẹ́ pé ohun tí o fẹ́ ni òmìnira láti lé ìbéèrè kan fún ọdún mẹ́wàá kí ọ̀gá kankan má pè ẹ́ padà, ọ̀dọ̀ tiwa ni, àmọ́ o máa sanwó ẹ̀ ní ọdún àti ní owó oṣù.

Ṣé màá tún yàn án? Bẹ́ẹ̀ ni, kíákíá. Àmọ́ ro ìdáhùn mi dáadáa, torí o ti mọ ohun tí kòtò yẹn kọ́ wa. Àwa mẹ́sàn-án la jọ bẹ̀rẹ̀ PhD, mẹ́rin ò parí, méjì parí wọ́n sì kúrò, ọ̀kan ṣàìsàn. Àwa méjì tó kù la di pirọ́fẹ́sọ̀, àwa náà sì ni wọ́n máa ń kọ lẹ́tà sí láti béèrè bóyá iṣẹ́ náà dáa. Ẹni tó kúrò, tó ń ṣe òwò gẹdú báyìí, kò sẹ́ni tó bi í rí. Lọ wá irú wọn, ó kéré tán mẹ́ta, kí o bi wọ́n ohun kan náà tí o bi mí. Mi ò mọ ẹni tí ǹ bá dà ká ní mo gba iṣẹ́ tí wọ́n fi lọ̀ mí nígbà náà, ó lè jẹ́ pé inú ẹni yẹn ń dùn ju tèmi lọ.

Kí o tó kọ̀wé sí yunifásítì kankan, má kọ "mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́" síbẹ̀, gbogbo èèyàn ló ń kọ ọ́. Mú ìbéèrè kan ṣoṣo, kékeré, bíi kí ló dé tí àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìrànwọ́ kan kì í lọ gbà á, kí o kọ ìdí mẹ́ta tó lè fà á, kí o kọ dátà tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ àti ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ tí o máa fi wé e. Ojú ìwé kan, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Fi ránṣẹ́ sí mi, màá kà á, màá sì sọ ibi tó ti wọ́, ó lè tó oṣù kan kí n tó dáhùn torí ìdánwò ti dé. Àmọ́ má bẹ̀ mí fún ìwé ìdámọ̀ràn o, mi ò kọ ọ́ fún ẹni tí mi ò bá kọ́ rí. Kí ẹ̀gbọ́n ẹ fún mi.